Orí Tó Yá Lónìí Lè Má Yá Lọ́la

Ẹ̀yin èèyàn wa ní Kánò, ní Kàdúná, ní Jọ́ọ̀sì, títí dé Onítṣà àti Pọ́táàkọ̀. Admin yín ló ń sọ̀rọ̀. Ẹni tí ohùn ò bá ṣí lórí fóònù rẹ̀, kó máa kà á báyìí, wọ́n ti bá mi tẹ̀ ẹ́ jáde. Mo pín in sí márùn-ún kó má baà gùn jù lẹ́ẹ̀kan. Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ọ títí dé ìparí, torí ìparí yẹn ni iṣẹ́ wà.

Ohùn kìíní

Lọ́dún yìí nìkan, ẹni méjì nínú wa ni wọ́n gbé láti ṣọ́ọ̀bù lọ sí ọsibítù nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru. Ọ̀kan ti padà sẹ́nu ọjà, a dúpẹ́. Ọ̀kan ṣì ń fi ọ̀pá rìn nínú ilé, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sì wà ní títì. Ẹ sì mọ bí ọ̀rọ̀ àwa tá a wà lẹ́yìn odi ṣe rí. Nílé lọ́hùn-ún, bí ara ẹnì kan ò bá yá, ẹ̀gbọ́n á bá a jókòó sí ìsọ̀, àbúrò á bá a gba owó. Níbi tá a wà yìí, ara ẹni lọmọọṣẹ́ ẹni, òun náà lowó òwò ẹni. Tó bá dùbúlẹ̀, ọjà dùbúlẹ̀ nìyẹn. Àwọn àgbà wa kò purọ́ tí wọ́n ní ìlera loògùn ọrọ̀.

Ohun kan náà ni dọ́kítà sọ fún àwọn méjèèjì: ẹ dín sanra kù, ẹ ṣọ́ ohun tẹ́ ẹ̀ ń jẹ. Bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe dé etí wa ni ìyá wa kan ní Kàdúná fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi. Ó ní, "Admin, mo mọ ohun tó yẹ kí n jẹ. Àmọ́ orí mi kì í yá sí i ju ọ̀sẹ̀ kan lọ. Kí ni mo lè ṣe tí orí mi á fi máa yá?"

Ìbéèrè gidi ni. Èmi kì í ṣe dọ́kítà, aṣọ ni mò ń tà, sẹ́kọ́ńdìrì ni mo sì kà mọ. Àmọ́ ẹ mọ̀ mí mọ ìtàn. Mo wá lọ wo àwọn tó ti dán ọ̀rọ̀ yìí wò ṣáájú wa, láti nǹkan bí 160 ọdún sẹ́yìn. Ohun tí mo rí ni pé orí àwọn tó ṣe é yọrí ò yá ju tiwa lọ. Wọ́n kàn to ọ̀ràn náà débi pé bórí yá, bórí ò yá, iṣẹ́ ń lọ. Ẹ jẹ́ n sọ ti mẹ́ta fún yín.

Ohùn kejì: oníṣòwò pósí

Ọkùnrin kan wà ní Lọ́ńdọ̀nù tó ń jẹ́ William Banting. Ọdún 1796 ni wọ́n bí i. Oníṣòwò bíi tiwa ni. Iṣẹ́ ìdílé wọn ni pósí kíkàn àti ètò ìsìnkú, wọn kì í sì í ṣe ọmọ kékeré nídìí iṣẹ́ náà, torí ìsìnkú àwọn ọba Gẹ̀ẹ́sì pàápàá, àwọn ni wọ́n máa ń pè. Owó wà, orúkọ wà. Àmọ́ ó sanra débi pé kò lè bẹ̀rẹ̀ so okùn bàtà ara rẹ̀. Tó bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ẹ̀yìn ló fi ń rìn, díẹ̀díẹ̀, kí orúnkún má baà dá a lóró. Tó bá wọ ọkọ̀ èrò, wọ́n á máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Ẹ má rò pé ó káwọ́ gbera o. Dọ́kítà kan ní kó máa fi àjẹ̀ wa ọkọ̀ ojú omi láàárọ̀ kùtù. Ó wà á. Apá rẹ̀ le koko, àmọ́ ebi tí ọkọ̀ wíwà yẹn ń dá sí i lára pọ̀, ó ń jẹ ẹ́ padà, ó tún ń sanra sí i. Ó gun ẹṣin. Ó lúwẹ̀ẹ́ nínú òkun. Ó lọ mu omi ìwòsàn láwọn ìlú tí wọ́n ti ń wá a mu. Ó wọ ilé ìwẹ̀ olóoru ti àwọn ará Tọ́kì tó ìgbà 50! Gbogbo rẹ̀, páùn 6 péré ló bá a gbé lọ, kò tó kílò 3.

Ṣé ẹ gbọ́ ibi tí mò ń lọ? Ẹni tó wọ ilé ìwẹ̀ olóoru nígbà 50, ṣé ìtara ló wọ́n ọn? Hàbà! Ìtara kún ọwọ́ rẹ̀. Ohun tí kò ní ni ìlànà kan tó lè bá a gbé lójoojúmọ́.

Ní August 1862, etí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í di. Ó lọ bá oníṣègùn etí kan, William Harvey. Harvey yìí ti lọ sí Paris rí, ó ti gbọ́ ohun tí ọ̀mọ̀wé Claude Bernard sọ nípa bí ẹ̀dọ̀ ṣe ń pèsè ṣúgà sínú ara. Ó wo Banting, ó ní sísanra yẹn ló fa ọ̀rọ̀ etí. Ó ní kó jìnnà sí búrẹ́dì, bọ́tà, mílíìkì, ṣúgà, bíà àti pòtétò. Ó wá to oúnjẹ òwúrọ̀, ti ọ̀sán, ti ìrọ̀lẹ́ àti ti alẹ́ fún un, pẹ̀lú ìwọ̀n: ẹran tàbí ẹja báyìí báyìí, ẹ̀fọ́, èso díẹ̀, búrẹ́dì yíyan pín-ín-pín-ín, tíì láì sí mílíìkì, láì sí ṣúgà.

Ní 26 August 1862, ó wọn 202 páùn, ìyẹn nǹkan bíi kílò 92, bẹ́ẹ̀ kò ga ju ẹsẹ̀ bàtà 5 àti ínǹṣì 5 lọ. Nígbà tó fi di 12 September 1863, 156 páùn ló wọ̀n, bíi kílò 71. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ bí oníṣòwò. Kílò 21 láàárín ọdún kan àti ọ̀sẹ̀ méjì lé díẹ̀. Tẹ́ ẹ bá pín in sí ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀, kò tó ìdajì kílò lọ́sẹ̀ kan. Ẹni tó bá rí i lọ́jọ́ Ajé tó tún rí i lọ́jọ́ Ẹtì, kò ní í rí ìyàtọ̀ kankan. Àmọ́ díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú ọ̀rọ̀ bàbá yìí ni ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀. Ó ń wọn ara rẹ̀, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀, ọjọ́ báyìí, páùn báyìí, bí ìgbà téèyàn ń kọ gbèsè àwọn oníbàárà. Ní 1863 ó tẹ ìwé pélébé kan, *Letter on Corpulence*, ó sì kọ́kọ́ ń pín in lọ́fẹ̀ẹ́. Ìwé náà gbilẹ̀ débi pé orúkọ rẹ̀ di ọ̀rọ̀ ìṣe. Títí dòní, lédè Sweden, tí wọ́n bá fẹ́ sọ pé èèyàn ń dín sanra kù, *banta* ni wọ́n ń wí. Ó kú ní 1878, ọmọ ọdún 81.

Ẹ dákun, n ò ní kẹ́ ẹ lọ máa jẹ oúnjẹ rẹ̀ o. Bàbá náà ń mu wáìnì bí ẹní mu omi, àwọn dọ́kítà ayé ìgbà náà sì bá a jà gan-an. Ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ ni mo ní kẹ́ ẹ wò.

Ohùn kẹta: àwọn ọkùnrin 36

Ẹlòmíì á ní, "Admin, ìyẹn ti pẹ́ jù. Ẹ jẹ́ kí n febi para mi fún oṣù kan, kí n yáa parí ẹ̀." Ẹ gbọ́ ìtàn kejì.

Ní November 1944, Ogun Àgbáyé Kejì ò tíì parí, ebi sì ń pa ọ̀pọ̀ èèyàn ní Yúróòpù. Àwọn onímọ̀ fẹ́ mọ ohun tí ebi ń ṣe fún ara, kí wọ́n lè mọ bí wọ́n ṣe máa bọ́ àwọn tí ebi ti pa. Ní Yunifásítì Minnesota, l'Amẹ́ríkà, ọ̀jọ̀gbọ́n kan tó ń jẹ́ Ancel Keys kó ọ̀dọ́mọkùnrin 36 jọ. Àwọn yìí ni ẹ̀rí ọkàn wọn ò gbà kí wọ́n gbé ìbọn, wọ́n ní àwọn ò ní jagun. Wọ́n wá yọ̀ǹda ara wọn fún ìwádìí ebi. Ẹ ronú sí i: ẹni tó lè dúró níwájú ìjọba kó ní òun ò jagun, ìpinnu irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ti ẹnu lásán.

Wọ́n kọ́kọ́ fún wọn lóúnjẹ dáadáa fún ọ̀sẹ̀ 12. Lẹ́yìn náà, fún ọ̀sẹ̀ 24, wọ́n dín in kù sí nǹkan bí ìdajì: pòtétò, búrẹ́dì, makaróní, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́. Wọ́n sì gbọ́dọ̀ máa rìn máìlì 22 lọ́sẹ̀. Lóòótọ́ ni wọ́n jò o. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ìwọ̀n wọn lọ.

Àmọ́ ẹ gbọ́ ìyókù. Oúnjẹ nìkan ni wọ́n ń rò. Wọ́n ń lá àwo. Ẹni tí kò dáná rí láyé ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwé oúnjẹ sísè bí ẹní ka ìròyìn. Inú ń bí wọn, ayé sú wọn, òtútù ń mú wọn. Àwọn kan ò lè fara dà á mọ́, wọ́n lọ jẹun ní kọ̀rọ̀, wọ́n sì yọ wọ́n kúrò nínú ìwádìí náà. Nígbà tí ìwádìí parí tí wọ́n ní kí wọ́n máa jẹ bó ṣe wù wọ́n, wọ́n jẹ, wọ́n jẹ, kò tó wọn. Nígbà tó yá, ọ̀rá ara wọn ju èyí tí wọ́n gbé wá lọ. Keys tẹ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé ńlá alápá méjì ní 1950.

Ohun tí ìtàn yẹn kọ́ mi rèé. Ìpinnu lágbára, àmọ́ ẹ má fi í lé ohun tí ara ò lè gbé lórí. Téèyàn bá fi gìrì lu ara rẹ̀ lẹ́bi, ara máa gbẹ̀san ni. Ohun tá a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń mu omi òroǹbó láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ tẹ́ ẹ wá ń jẹ ẹ̀bà ńlá méjì láago mẹ́wàá alẹ́, mo ń kí yín o.

Ohùn kẹrin: ìyá ilé kan ní New York

Ìtàn kẹta ni ti obìnrin kan, Jean Nidetch. Brooklyn ni wọ́n ti bí i, ní 1923. Kò kàwé púpọ̀, ìyàwó ilé ni. Ní 1961 ó wọn 214 páùn, kílò 97. Lọ́jọ́ kan tó lọ rajà, obìnrin kan tó mọ̀ ọ́n yìn ín pé ara rẹ̀ ń dán, ó sì bi í pé ìgbà wo ni yóò bímọ. Kò lóyún.

Ó lọ sí ilé ìtọ́jú kan tó jẹ́ ti àjọ ìlera ìlú náà. Wọ́n fún un ní ìlànà oúnjẹ tó dáa. Ó sì ń jò. Àmọ́ ó ní àṣírí kan: lóru, ó máa ń jẹ bisikíìtì olóṣokoléètì ní kọ̀rọ̀, kò sì lè sọ fún àwọn ilé ìtọ́jú. Orí rẹ̀ yá lọ́sàn-án, àmọ́ ilẹ̀ tó bá ti ṣú, orí ò yá mọ́.

Ẹ wo ohun tó ṣe. Ó pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́fà tí wọ́n sanra bíi tirẹ̀ wá sí ilé rẹ̀ ní Queens, ó sì jẹ́wọ́ ọ̀rọ̀ bisikíìtì fún wọn. Bó ṣe la ẹnu báyìí ni oníkálùkù ń sọ tiẹ̀: èyí ń tọ́jú oúnjẹ pa mọ́ síbí, tọ̀hún ń jẹun sùn. Wọ́n pinnu láti máa pàdé lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Kò pé oṣù méjì tí wọ́n fi pé 40. Nígbà tó fi di October 1962, Jean ti dé 142 páùn. Páùn 72 ti lọ, ìyẹn nǹkan bíi kílò 33. Ní May 1963, òun àti tọkọtaya kan, Albert àti Felice Lippert, fi orúkọ ilé iṣẹ́ Weight Watchers sílẹ̀. Ní 1978, ilé iṣẹ́ Heinz rà á ní ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù dọ́là. Ọdún 2015 ni obìnrin náà kú, ó ti pé 91.

Ká sòótọ́, kì í ṣe gbogbo ẹni tó wọ irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ló ń jò, ọ̀pọ̀ ló sì ń jò tó tún ń sanra padà. Kò sí idán níbẹ̀. Àmọ́ ẹ wo ohun tí Jean fi kún ìlànà tí ilé ìtọ́jú fún un. Oúnjẹ yẹn kò yí padà. Ọjọ́ kan tí kì í yẹ̀, ibì kan tí wọ́n ń jókòó sí, òṣùwọ̀n kan, àti àwọn èèyàn tó máa béèrè rẹ tí o kò bá wá, ìyẹn ló fi kún un.

Ohùn karùn-ún: ẹ̀súsú ara

Ó yẹ kí inú yín ti máa sọ fún yín báyìí pé ẹ mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀súsú ni! Àlùfáà Samuel Johnson ṣàlàyé ẹ̀súsú nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921: iye kan pàtó, àkókò kan pàtó, ibì kan pàtó, abẹ́ olórí kan. Àwọn baba wa gbé e dé ibi gbogbo tí wọ́n dé, títí dé Trinidad níbi tí wọ́n ti ń pè é ní *susu*. Mélòó nínú wa ló fi ẹ̀súsú tàbí àjọ ra ilẹ̀, tó fi san owó ilé ìwé ọmọ? Ṣé orí yín máa ń yá lójoojúmọ́ tí alájọ bá dé ni? Ọjọ́ míì, ọjà ò tà, inú ń bí yín, ẹ fẹ́ sá fún un. Àmọ́ ó ti dé, káàdì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ sì san án. Kò bi yín bóyá ó wù yín. Bí owó ṣe ń di ńlá nìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà ni ara ṣe ń fúyẹ́.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tó máa ń yí ká orí fóònù, pé ọjọ́ 21 ni ohun tuntun fi ń mọ́ra. Ẹ má gbé e gbọ́. Dọ́kítà kan tó ń ṣe iṣẹ́ abẹ ìrísí, Maxwell Maltz, ló kọ ọ́ sínú ìwé kan ní 1960. Ohun tó rí ni pé ó kéré tán ó ń gba àwọn tó ṣiṣẹ́ abẹ fún ní nǹkan bí ọjọ́ 21 kí ojú wọn tuntun tó mọ́ wọn lára. Àwọn èèyàn ló sọ ọ́ di òfin. Nígbà tí Phillippa Lally àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì kan ní Lọ́ńdọ̀nù yẹ̀ ẹ́ wò lára èèyàn 96, tí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2010, ohun tí wọ́n rí ni ọjọ́ 66 tá a bá dá a sí àárín. Ohun tó rọrùn lè mọ́ra ní ọjọ́ 18, ohun tó le lè gbà tó ọjọ́ 254. Wọ́n tún rí i pé téèyàn bá fo ọjọ́ kan, kò ba nǹkan jẹ́. Ẹ mú ìyẹn dání dáadáa. Ọ̀pọ̀ wa, tá a bá jẹ búrẹ́dì lọ́jọ́ kan, a máa ní ó ti bàjẹ́ náà nìyẹn, a ó sì jẹ ẹ́ dé ìparí oṣù. Tẹ́ ẹ bá fo àjọ lánàá, ṣé ẹ máa ń ya káàdì ni?

Nítorí náà, ìyá wa ní Kàdúná, ìdáhùn mi sí yín rèé, pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ẹ má wá orí tó máa yá mọ́. Ẹ mú ohun kan ṣoṣo, kékeré, kẹ́ ẹ so ó mọ́ ohun tẹ́ ẹ ti ń ṣe lójoojúmọ́ tẹ́lẹ̀. Àpẹẹrẹ nìwọ̀nyí:

Tẹ́ ẹ bá ti ṣí ìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, kẹ́ ẹ gbé omi ike méjì sórí tábìlì. Òun lẹ ó máa mu dípò mínírà. Tó bá ṣe yín bí àṣọdùn, ẹ yí ike mínírà yẹn padà, kẹ́ ẹ ka iye ṣúgà tí wọ́n kọ sẹ́yìn rẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá ń ra tíì lọ́wọ́ àbókí láàárọ̀, ẹ ní kó má fi ṣúgà sí i, kẹ́ ẹ sì fi ẹyin tàbí ẹ̀wà rọ́pò ìdajì búrẹ́dì yẹn.

Oúnjẹ alẹ́, kẹ́ ẹ jẹ ẹ́ kẹ́ ẹ tó ti ṣọ́ọ̀bù. Gbé e wá láti ilé nínú kúlà. Ẹni tó bá dúró dìgbà tó bá délé láago mẹ́wàá, ebi ló máa bá a ṣe ìpinnu.

Àmàlà, ẹ̀bà, tùwó, kò sí èyí tí mo ní kẹ́ ẹ má jẹ. Ẹ mú àwo kan, kékeré, kó jẹ́ òun nìkan lẹ ó máa fi wọ̀n ọ́n, kí ẹ̀fọ́ sì pọ̀ ju òkèlè lọ.

Ọ̀kan ni kẹ́ ẹ mú o, ẹ má mú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Tó bá ti mọ́ yín lára, ẹ fi ìkejì kún un. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń lo oògùn ìtọ̀ ṣúgà tàbí ti ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún dọ́kítà yín kẹ́ ẹ tó yí oúnjẹ padà, torí oògùn àti oúnjẹ máa ń bá ara wọn ṣiṣẹ́.

Ètò wa rèé. Láti Sátidé tó ń bọ̀, kí aago mẹ́jọ àárọ̀ tó lù, kí oníkálùkù fi nọ́ńbà kan péré ránṣẹ́ síbí, láti òdo dé méje: ọjọ́ mélòó lo fi ṣe ohun tó o mú, nínú ọjọ́ méje. N ò béèrè kílò, n ò béèrè fọ́tò. Ẹni tó bá kọ òdo kò jẹ̀bi, ó ti san àjọ tiẹ̀ pé ó wá. Ẹni tí a ò bá gbọ́ ohùn rẹ̀ ni a ó pè. Kí ìlú kọ̀ọ̀kan yan ẹnì kan tó máa pe àwọn èèyàn rẹ̀. Ẹ fi orúkọ ẹni náà ránṣẹ́ sí mi kí ọjọ́ Ẹtì tó dé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá la ó fi ṣe é ká tó jókòó wò ó, torí ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá ni ọjọ́ 70.

Àwọn àgbà ní ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run. Ẹ jẹ́ ká máa ṣọ́ ẹnubodè yẹn fún ara wa. Ẹ kú ọjà o. Ẹni tó ti mú tiẹ̀, kó kọ ọ́ síbí lónìí.